Àpò Pupa Márùn-ún Tó Kù

Ẹsẹ̀ òsì ni Ràmọ́tà fi tẹ abẹ́rẹ́ náà. Ó ru ẹ̀gẹ́ dé etí odò tó wà lẹ́bàá Ìkòyí-Ilé, níbi tí àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sì ti ń pọn omi mímu. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gún ni. Ìgbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè ló rí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn tó dúró ṣánṣán sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó rí àpò pupa mẹ́rin nínú koríko, ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ìgò oògùn ń yọjú lára wọn. Ariwo tó pa, wọ́n gbọ́ ọ dé oko.

Ọdún tí kòrónà dé ni, tí kálukú ń sá fún ẹnìkejì bí ẹni ń sá fún ejò. Wọ́n gbé Ràmọ́tà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ìnspẹ́kítọ̀ Olúwafèyíkẹ́mi láti Ọ̀yọ́. Obìnrin kúkúrú ni, ọdún díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìntì. Kì í pariwo mọ́ ọ̀daràn. Ó gbà pé ẹni tó bá ń purọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, kéèyàn sáà fún un láàyè ni.

Ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà ló kọ́kọ́ yà sí.

"Mà, wọ́n ní nọ́ńbà wà lára àwọn àpò yẹn," ni Ràmọ́tà wí. "Èyí tó tóbi jù jẹ́ mẹ́sàn-án. Mẹ́rin la rí. Márùn-ún tó kù dà? Òjò ń ṣú o. Tó bá gbá wọn wọnú odò, àwọn ọmọ mi ń mu omi yẹn."

Ìnspẹ́kítọ̀ dì í lọ́wọ́ mú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. "Màá wá wọn rí."

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn kòrónà, ni àwọn àpò náà ti wá. Mètírọ̀n Àánúolúwapọ̀, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Èmi fúnra mi ni mo kọ nọ́ńbà sí wọn. Mẹ́sàn-án ló jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé la gbé iṣẹ́ sísun wọn fún. Ó ní Sàídù, aṣọ́gèétì wa, ló jí mẹ́rin gbé, pé òun sì sun márùn-ún tó kù lọ́jọ́rú."

Sàídù ti wà látìmọ́lé láti àná. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀tí kòrónà ṣe? Ṣé kí n gbé e fún ìyàwó mi ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Ìnspẹ́kítọ̀, àmọ́ ó gbé e mì.

Akínwálé fúnra rẹ̀ ló mú un lọ síbi ẹ̀rọ ìsunpàǹtí lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ó sì ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ bí ẹni ń ta oògùn nínú mọ́tò. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ náà gbàgà.

"Ẹ wo eérú, mà. Àpò márùn-ún ló jó di báyìí. Iṣẹ́ mi ò lábùkù."

Ìnspẹ́kítọ̀ mú igi, ó fi tú eérú náà kanlẹ̀. Ó rí èédú igi wẹẹrẹ, kò rí nǹkan míì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ní kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló yọjú sí òdìkejì ọgbà. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀, wọ́n sá láfún sí i lọ salalu, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Marufat sì ń fọwọ́ yí i.

"Ẹ kú oòrùn o, Màmá. Láfún yín mà funfun o!"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà níbẹ̀. Oòrùn ìgbà òjò yìí ò jẹ́ ó tètè gbẹ."

"Èéfín ẹ̀rọ yìí ò bà á jẹ́ lọ́jọ́rú?"

"Èéfín wo?" Ìyá Marufat nàró. "Lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n bá ti dáná sí nǹkan yẹn, ṣe là ń kó láfún sáré, torí á dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà tí kòrónà ti dé, a ò sáré mọ́. Mo ṣebí ó ti bàjẹ́ ni."

 Inú Ìnspẹ́kítọ̀ dùn dọ́ba. Ó mú ọlọ́pàá méjì, ó di Ọ̀yọ́.

Mètírọ̀n ti sọ fún un pé Akínwálé ní ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín níbẹ̀, tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, ó sì bá a nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ìnspẹ́kítọ̀ ṣí fírísà, ó kan ẹja kan. Ó le bí òkúta.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí iná ti lọ ládùúgbò yìí. Dísẹ́ẹ̀lì ta ni jẹnẹrétọ̀ yín ń mu?"

"Tèmi ni, mà."

"Kí ló dé tí orúkọ ilé ìwòsàn wà lára dúrọ́ọ̀mù rẹ̀?"

Akínwálé sáré lọ dúró síwájú dúrọ́ọ̀mù náà.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé. Wọ́n fún yín ní dísẹ́ẹ̀lì láti fi sun pàǹtí, ẹ fi ń mú ẹja dì. Ẹ lọ bu eérú igi níbòmíràn sínú ẹ̀rọ. Àmọ́ abẹ́rẹ́ kì í di eérú. Tí àpò márùn-ún bá jó, irin abẹ́rẹ́ á kún ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ yẹn, mi ò sì rí ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá kan sá láfún sí ẹ̀gbẹ́ yín láti ọjọ́ Ajé, ó ṣì funfun. Ẹ ò sun nǹkan kan. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ti Sàídù mọ́lé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ibo ni àpò márùn-ún wà?"

Ó wólẹ̀. "Kòtò yanrìn ni, mà. Lókè odò yẹn. Ẹ ṣàánú mi."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ibẹ̀, ojú ọ̀run ti dúdú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Wọ́n gbé ọ̀kan jáde, wọ́n gbé èkejì, títí márùn-ún fi pé nínú ọkọ̀. Wọ́n ti dá Ràmọ́tà sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó dúró pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń kà wọ́n.

Ìnspẹ́kítọ̀ ní kí Akínwálé súnmọ́ ọkọ̀ kó wò ó bóyá ó pé. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì tó wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ bo imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò lè súnmọ́ ọn. Àrùn wà nínú ẹ̀."

Ràmọ́tà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń gbé e bọ̀ sórí omi wa?"

Akínwálé sorí kọ́. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀.