Ọkọ̀ Tó Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wọlé

Òkú bàbá náà jókòó sídìí ọkọ̀ bí ẹni tó ń dúró de èrò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó jẹ́jẹ́ sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́. Gíláàsì fèrèsé tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣí ní ìwọ̀n ìka kan. Epo ti tán nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti kú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbi tí wọ́n ń yí i sí kí ọkọ̀ tó lè ṣiṣẹ́.

Àkọ́bí bàbá náà ló kọ́kọ́ rí i. Inú ọgbà tí wọ́n ti ń pa ọkọ̀ àtijọ́ yìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó ti jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ó pa ara rẹ̀ ni," ọ̀gá ọgbà sọ. "Ó tan ọkọ̀, ó fa èéfín símú. Ìfẹ́ ọkọ̀ yìí ti kọjá ààlà."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tún-un-sọ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́, nítorí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó o. Gíláàsì tó ṣí ní ìwọ̀n ìka kan yẹn ló ń wò. Ẹni tó fẹ́ kú sínú èéfín, kí ló ń fi atẹ́gùn ṣe?

Ìjọba ló dá ọgbà náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ń mu epo bí ẹni mumi, kó gbé e wá. Wọ́n á fún un ní káàdì tí yóò fi ra ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀dínwó. Òfin méjì ló rọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà fa òkú irin wá gba ẹ̀bùn. Tó bá sì ti wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó má baà padà sójú títì. Omi kan tó ń gan bíi gíláàsì ni wọ́n ń dà sí i níkùn dípò ọ́ìlì. Wọ́n á tẹná mọ́ ọn, á pariwo, á gbọ̀n, á sì dákẹ́.

Ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Apanimáyọdà ni wọ́n sọ ọ́.

"Ìwọ lo gba ọkọ̀ yìí wọlé?" Tún-un-sọ bi í.

"Èmi ni, ọ̀gá. Ìrọ̀lẹ́ àná. Bàbá fúnra wọn ló wà á wá. Wọ́n bú mi dáadáa. Wọ́n ní apààyàn ni mí. Mo ní, 'Bàbá, irin ni mò ń pa o.'"

"Kí ló dé tí o ò fi pa á lánàá?"

"Omi wa ló tán. Ọkọ̀ pọ̀ bí eṣú. Mo ní ó di òwúrọ̀."

"Wọ́n ní o máa ń tú rédíò ọkọ̀ tà."

"Rédíò òkú ni." Ó yọ eyín díẹ̀. "Òkú kì í gbọ́ ìròyìn."

Kò pa Tún-un-sọ lẹ́rìn-ín. "Báwo ni ọkọ̀ bàbá ṣe ń dún nígbà tó wọlé?"

"Kò dún rárá. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Arúgbó ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìyàwó tuntun nílé ọkọ."

"Tún un sọ."

"Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, ọ̀gá."

Ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ ló kàn. Bàbá àgbàlagbà ni, inú ahéré kan tí òjò ń jò lẹ́nu géètì ló ń gbé. Ó ti búra fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò rí ẹnikẹ́ni lóru.

"Bàbá, agbòjò ta nìyẹn?" Tún-un-sọ bi í.

Ọlọ́dẹ wo agbòjò dúdú tí wọ́n na sórí ibùsùn rẹ̀, níbi tí òrùlé ti ń jò. Agbòjò tó ní ọwọ́ igi dídán. Kì í ṣe ti ẹni tó ń gbénú ahéré.

Ojú ọlọ́dẹ wálẹ̀. "Bàbá tó kú yẹn ló bẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Arúgbó bíi tèmi ni, mo mọ bó ṣe ń rí. Ó rí i pé òjò ń pa mí, ló bá fún mi ní agbòjò rẹ̀. Ó ní òun á gbà á tóun bá ń lọ."

"Ẹ tún un sọ, bàbá."

"Ó ní òun á gbà á tóun bá ń lọ." Ọlọ́dẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó jókòó.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan lẹ́yìn náà?"

"Òtútù mú, ó tan ọkọ̀. Haà! Ó bú bíi kìnnìún! Mo ní kí n lọ sọ fún un kó rọra, òjò ò jẹ́. Nígbà tó yá, mo sùn lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Tún-un-sọ jáde sínú oòrùn. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lóru, ó bú bíi kìnnìún. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i láàárín.

Ó gba ilé olóògbé lọ. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí gbayawu. Ìyá àgbà jókòó sórí àga kan tó kọjú sí i, ó di gèlè tó ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lẹ àwòrán ọkọ̀ kékeré tuntun kan mọ́ ibẹ̀, pupa, ó ń dán.

"Wọ́n ní ó pa ara rẹ̀," ìyá náà sọ kí àlejò tó jókòó. "Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. Ẹ bá mi bi í, kí ni mo fi ṣe é? A ò jà. A ò tahùn síra wa."

"Kí ló sọ nígbà tó ń jáde, mọ́mì?"

"Ó ní, 'Mò ń lọ dágbére fún ọ̀rẹ́ mi kan.' Ó wá ní, 'Má ti ilẹ̀kùn o, mi ò ní pẹ́.'" Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Mi ò tíì tì í."

Tún-un-sọ wo ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti sunkún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má wo ilẹ̀.

"Ọkọ̀ yẹn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí mi," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Orí ìjókòó rẹ̀ ni mo ti ń rọbí. Bàbá wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọ́bí ní epo ń jẹ wá run, ó ní òun á san ìyókù owó ọkọ̀ tuntun lórí káàdì ìjọba. Ó sì ti san án. Ọmọ mi gbìyànjú."

Àkọ́bí náà yọ láti yàrá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú ooru ọ̀sán. Ó gbé ife omi fún àlejò.

"Ọwọ́ òsì!" ìyá rẹ̀ jágbe. "Ṣé nítorí bàbá rẹ kú, ẹ̀kọ́ náà ti kú ni?"

"Ẹ má bínú, màámi. Kẹ́tùrù ló jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún láàárọ̀."

"Kẹ́tùrù wo? Ta ló dáná nínú ilé yìí látàárọ̀?"

Ọmọ náà fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀. Tún-un-sọ mu omi náà tán, ó dúpẹ́, ó sì padà sọ́gbà.

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ọkọ̀. Ìpẹtà ti bo páìpù èéfín látòkè délẹ̀, àfi ojú méjì tí wọ́n ti gé e. Ibẹ̀ ń kọ mànà bí eyín ọmọdé. Láàárín ojú méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Lókè ibẹ̀ gan-an, ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ lu. Rọ́ọ̀gì tó ti ṣá ló kù tó bo ihò náà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ó tún rí nǹkan mìíràn. Ilà gbọọrọ méjì ti ha ikùn ọkọ̀ náà, wọ́n tò lọ bí ojú irin rélùwéè.

Ó pe Apanimáyọdà. "Kí ló yẹ kó wà níbi tí páìpù ti gé yìí?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Àpótí tó ń sẹ́ èéfín. Òun náà ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ dákẹ́. Irin iyebíye wà nínú rẹ̀, àwọn kan máa ń rà á lábẹ́lẹ̀." Ó sáré nà ró. "Ọ̀gá, kì í ṣèmi o! Tí mo bá máa jí, ara òkú ni mo ti ń jí. Ọkọ̀ yìí ṣì wà láàyè."

"Ilà méjì yìí ńkọ́?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Apá ẹ̀rọ agbẹ́rù ló ha á. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni níbí. Ọkọ̀ tó wà láàyè, ó ń fẹsẹ̀ rìn ni. Òkú nìkan là ń gbé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e kí n tó pa á."

"Ta ló ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù?"

Apanimáyọdà wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Agbókùú là ń pè é." Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Àkọ́bí bàbá ni."

Tún-un-sọ ní kí wọ́n lọ pè é. Ó dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ọkàn rẹ̀ wúwo. Ìgbà mìíràn wà tí ó máa ń gbàdúrà pé kí òun ṣìnà.

"Ká apá ọ̀tún rẹ sókè."

Àkọ́bí ká a. Ọgbẹ́ iná kan tẹ̀ kọrọdọ lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bí ìdajì òrùka ńlá.

"Kẹ́tùrù kì í jóni báyìí," Tún-un-sọ sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Páìpù ni. Nǹkan tó ń gbóná jù lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn, kì í sì í tètè tutù. Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni o fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀. O ò lè dúró kó tutù, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ò ní pẹ́ padà. O gé àpótí náà, o sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá yín padà wá tan án, èéfín gba ihò ilẹ̀ wọlé tààrà. Gíláàsì tó ṣí díẹ̀ yẹn kò lè gbà á."

Ọ̀dọ́kùnrin náà nawọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀rọ. Ó fa nǹkan kan jáde tó fi aṣọ iṣẹ́ wé. Àpótí irin náà ni.

"Mi ò lè tà á mọ́," ó ní. "Mo fẹ́ lọ tà á láàárọ̀. Mo kọ́kọ́ ní kí n kí ọkọ̀ náà kí wọ́n tó pa á. Mo bá rí wọn nínú rẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fowó rẹ̀ ṣe?"

"Káàdì ìjọba kò tó owó ọkọ̀ tuntun. Mo sọ fún gbogbo ilé pé mo ti san ìyókù. Mi ò tíì san kọ́bọ̀. Èmi ni mo fi dandan mú wọn, Mọ̀dáàmù. Wọn ò fẹ́." Ó ń sunkún láìgbọ̀n, omi ṣáà ń dà. "Mi ò lè jí tẹlòmíràn. Mo ní ọkọ̀ bàbá mi ni, ogún mi ni. Tó bá di ọ̀la, òkú ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á padà wá dágbére."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ó pa ara rẹ̀?"

"Mo gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń sọ ọ́. Ẹnu mi ò là."

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Tún-un-sọ mú un gba ilé kọjá, kí ó tó mú un lọ sí àgọ́. Kò sí nínú òfin iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó sọrí kọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí àga yẹn.

"Mọ́mì, wọn ò pa ara wọn. Wọ́n fẹ́ padà wálé. Agbòjò wọn pàápàá, wọ́n ní àwọn á gbà á tí àwọn bá ń bọ̀."

Ìyá di ojú rẹ̀. Èémí kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tó dà bíi pé ó ti wà níbẹ̀ látàná. "Kò mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sílẹ̀."

"Kò mọ̀ọ́mọ̀."

"Ta ni, nígbà náà?"

Tún-un-sọ sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àpótí, káàdì, ọwọ́ tó jóná. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun pé kí òun tún un sọ.

Ìyá kò béèrè. Ó dìde, ó rìn dé ọ̀dọ̀ ògiri, ó já àwòrán ọkọ̀ pupa náà, ó ká a, ó sì fi sábẹ́ apá. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ojú fèrèsé ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó jóná náà, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ fún ọmọdé.

"Máa bá wọn lọ," ó ní. "Sọ òtítọ́ fún wọn. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn."