Èèrù Inú Tíì

Ooru tó ń gòkè láti inú kọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ bo ojú ọkùnrin náà. Ìgbà tó fẹ́ ẹ dànù ni Lois tó rí i dáadáa: adúmáadán, eruku ọyẹ́ ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun bí ẹni tó sùn síbi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí ohun tó máa fi rín.

Tíì onímílíìkì lásán ni wọ́n mọ̀ ní gáréèjì Kábbà tẹ́lẹ̀. Lois, ọmọ Mọpa, ló gbé tirẹ̀ dé: ewé tíì dúdú tó fi atalẹ̀, kànáfùrù, ìyèré àti èèrù sè pọ̀, kó tó da mílíìkì lé e. Àwọn kan ń pè é ní ọbẹ̀ tó ní ṣúgà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu, ṣe ni Lois máa ń tẹjú mọ́ ojú rẹ̀.

"Hẹ̀n! Sísítà, kí lẹ fi sí i?" Ọkùnrin náà wúkọ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Lois gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé kò dáa ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láyé."

Ó tún mu ún. Ó dijú. Atalẹ̀ ta á lọ́fun, kànáfùrù tẹ̀lé e, òórùn èèrù gba imú rẹ̀ lọ sókè, lẹ́yìn náà ni mílíìkì wá rọra pẹ̀tù sí gbogbo wọn.

"Ibi tí ọyẹ́ ti ń jà láyà mi láti àárọ̀ ló lọ tààrà," ó ní. "Ẹ bù sí i."

"Awakọ̀ tó bá mu méjì, ọ̀nà Lọ́kọ́ja á kúrú fún un."

"Irọ́ ni! Ẹ kàn fẹ́ kí n padà wá ni."

"Ṣé ẹ ò ní padà wá ni?"

Ó padà wá. Babátọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀, bọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja ló ń wà. Kí ọyẹ́ tó lọ, "sísítà" ti di "Alátíì mi", Lois náà sì ti ń pè é ní "Dẹ́rẹ́bà mi" láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

Babátọ́pẹ́ wá ní òun máa mú un lọ rí ìyá òun ní Ekinrin-Adde lọ́jọ́ Sunday. Láti ìgbà náà ni oorun Lois ti kúrú. Màmá Theresa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá tọ́ Babátọ́pẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Bí màmá yìí bá ní rárá, ó ti parí nìyẹn.

Babátọ́pẹ́ ṣáájú lọ sílé lọ́jọ́ Friday, òtútù sì ti mú un. Lois di tíì lílọ̀ fún un nínú ọ̀rá kó tó lọ, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀:

"Ololufe, mo fi eeru pupo si i. Mu un gbona gbona ko le wo o lara. Ma je ki Mama mu ninu e o."

Èrò rẹ̀ ni pé òun fúnra òun máa se tìyá náà, tí kò ní ta púpọ̀.

Babátọ́pẹ́ ò fèsì. Sunday dé, kò wá gbé e. Lois pè é títí, kò gbé e. Lọ́jọ́ Monday, ó bu iyọ̀ sí tíì níbi tó yẹ kó bu ṣúgà sí. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì Babátọ́pẹ́ wọ gáréèjì níkẹyìn, ọ̀ọ́kán ló dúró sí. Lois gbé kọ́ọ̀pù lọ bá a. Kò gbà á.

"Babátọ́pẹ́, kí ni mo ṣe?"

"Màmi ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́. Mò ń wẹ̀, fóònù mi wà lórí tábìlì wọn."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Wọ́n ní o fi eérú sínú tíì mi. Eérú, Lois. Wọ́n ní oògùn ni, pé ìdí nìyẹn tí o ò fi fẹ́ káwọn mu níbẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lois, àmọ́ ẹkún gbà á lọ́nà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rò?"

Ó wolẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú sókè. "Mo sọ fún wọn pé èèrù ni. Wọ́n ní ẹni tó ti mu ún kọ́ ló máa mọ̀."

Wíwolẹ̀ yẹn dun Lois ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. "Mú mi lọ."

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí ẹ."

"Mo ti gbọ́. Mú mi lọ."

Nígbà tí wọ́n dé Ekinrin-Adde, ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Lois kúnlẹ̀. "Òkun o, Màmá."

Kò dáhùn. Nílẹ̀ wọn, àlejò tó ń kọjá lọ lójú títì gan-an, èèyàn á dá ìkíni "òkun" padà fún un. Ti Lois wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Mo fẹ́ se tíì náà lójú yín, mà."

"Ohun tí o bá máa dà sí i, fi hàn mí ná."

Lois fi atalẹ̀ hàn án. Ó fi kànáfùrù àti ìyèré hàn án. Ó gbé ìkòkò tíì kaná.

"Eérú ọ̀hún dà?"

Lois tú ọ̀rá kékeré kan. Èso dúdú tín-ín-rín, tó tẹ̀ bí ìka ọmọ ọwọ́, wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Òun nìyí, mà. Èèrù."

Ìyá náà ṣẹ́ ọ̀kan, ó gbé e sí imú. Lois da ìyókù sínú ìkòkò. Tíì hó, Lois sẹ́ ẹ, ó bù ú.

"Ìwọ kọ́kọ́ mu."

Lois mu ún, ó jó o láhọ́n. Lẹ́yìn náà ni Màmá Theresa gba kọ́ọ̀pù. Ó mu, ó sì dijú, bí ọmọ rẹ̀ ṣe dijú gẹ́lẹ́ ní gáréèjì. Babátọ́pẹ́ di òpó ilé mú.

"Ìyá ọkọ mi ló fi èyí se ọbẹ̀ fún mi nígbà tí mo bí eléyìí," ìyá náà sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, òórùn yìí ò wọ ilé yìí mọ́." Ó nu ojú rẹ̀, ó wá yíjú sí Lois. "Àmọ́ ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá tí o kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Ó kù díẹ̀ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ dànù nítorí àmì!"

Ó na ọwọ́, ó fà á dìde. "Òkun, ọmọ mi. Òkun o."

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, Babátọ́pẹ́ dì í lọ́wọ́ mú. "Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kí wọ́n má baà ṣì í kà. Lois, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bí wọ́n bá tún sọ nǹkan nípa mi ńkọ́? Ṣé wàá tún wolẹ̀?"

"Ojú ẹ ni màá wò. Màá bi ọ́ kí n tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́."

Lois wo ojú rẹ̀ títí. Babátọ́pẹ́ ò wolẹ̀.

"Tún un wí," Lois ní. "Fi àmì sí i."

Ó tún un wí ní díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé níwájú tíṣà. Lois dáhùn lábẹ́ ohùn.

"Sọ ọ́ sókè!" Màmá Theresa kígbe láti ilé ìdáná. "Mi ò gbọ́ èsì!"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà!"

"Ó dáa. Ẹ wá gbé tíì yín, ó ń tutù."