Apá Kolby Gbéra Sókè

Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì bù kúrò níbẹ̀. Àwọn tó wà ní pápá ìlú Haldorf lọ́jọ́ Àìkú náà ṣì wà láyé, ẹ lè bi wọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n á sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí Arlys Brandvold fi etí ara rẹ̀ gbọ́, òun nìkan ló gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún un sọ mọ́.

Awakọ̀ tírélà ni Arlys. Tòlótòló inú yìnyín ló máa ń kó láti Minnesota lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà. Àwọn awakọ̀ bíi tirẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ fóònù kékeré kan há etí látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn yòókù a máa fi í tàkúrọ̀sọ, wọ́n a máa fi í bú ọ̀gá. Ilé ni Arlys ń pè ní tirẹ̀. Merle, ọkọ rẹ̀, á gbé fóònù sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kolby ọmọ wọn, á sì fi í síbẹ̀. Báyìí ni ìyá náà ṣe ń wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí. Èémí á wọlé. Èémí á jáde. Bó bá pẹ́ kó tó jáde, tírélà á ti falẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀.

Kolby, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún Haldorf tẹ́lẹ̀, ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò mira mọ́. Bọ́ọ̀lù líle ló bà á ní ẹ̀bátí nígbà tó di igi tí wọ́n fi ń gbá a mú níbi eré bésíbọ́ọ̀lù, Garrett Stueve tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ìlú Rosmere ló sì jù ú. Inú ń bí Garrett lọ́jọ́ náà. Kolby ti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sọnù sínú oko àgbàdo lẹ́yìn pápá, gbogbo ènìyàn sì fi Garrett rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ òfin rẹ̀ kan tí kò sí nínú ìwé. Bí ẹni tó ń jù fún yín bá fi bọ́ọ̀lù lu ènìyàn wa, ẹni tó ń jù fún wa á lu ènìyàn yín. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Kolby ṣubú, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló wọ pápá, rẹfirí sì dá eré dúró. Haldorf ò gbẹ̀san. Garrett gbé òdòdó wá sí ilé ìwòsàn, ó sunkún. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹnìkan gbọ́ ọ nílé ọtí tó ń sọ pé, "Ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dé etí Arlys. Kò kúrò níbẹ̀.

Òfin ò jẹ́ kí awakọ̀ tírélà máa wakọ̀ lọ láìsinmi. Ọjọ́ Àìkú yẹn bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi Arlys. Ó gbọ́ pé Rosmere ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Haldorf, pé ènìyàn wọn ò pé, pé Garrett tó ń jù á tún di igi mú fúnra rẹ̀. Ó dé fìlà, ó fi fóònù há etí bó ṣe máa ń ṣe, ó sì lọ. Ó fẹ́ kí ẹnìkan fi bọ́ọ̀lù lu Garrett. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ṣubú. Kò sọ ọ́ fún Merle.

Ẹni tó ń ta bíà lẹ́nu ọ̀nà bi í bóyá tírélà mọ̀ pé ó jáde láìgbàṣẹ. Arlys rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ra sọ́sééjì inú búrẹ́dì, kò sì jẹ ẹ́.

Obìnrin kan wá jókòó tì í, ó gbé ẹ̀pà dání. Renae ni, ìyá Garrett. Ó dájú pé ó ti ń wá ọ̀nà àtijókòó tì í láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó na ẹ̀pà náà sí i. Ó ní òun ń gbàdúrà fún Kolby lójoojúmọ́.

"Ẹ ṣeun," ni Arlys wí. Ó mú ẹ̀pà kan. Ó fún un mọ́ inú ọwọ́ títí èèpo rẹ̀ fi fọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àgbàdo nígbà tí Garrett gbé igi jáde. Wọ́n ti tan iná pápá. Kòkòrò ti ń fò yí i ká.

"Garrett, igi ìdáná lo gbé wá yẹn ni?" Ẹnìkan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti òkè. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Micah ló ń jù fún Haldorf. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kan sòkòtò ènìyàn pẹ́nrẹ́n, á tọrọ àforíjì. Ó di bọ́ọ̀lù mú. Ó gbé orúnkún sókè dé àyà. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀rín pa mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Micah kì í jù báyìí. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan báyìí ní Haldorf, ó sì wà lórí ibùsùn nílé.

Merle sọ̀rọ̀ létí Arlys láti ilé, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Arlys. Apá rẹ̀ gbéra sókè."

"Apá ta ni?"

"Apá Kolby. Ó dúró lófuurufú. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Bọ́ọ̀lù jáde lọ́wọ́ Micah. Ó kọjá níwájú àyà Garrett, ó ga, ó yára ju ohun tí ẹnikẹ́ni rí lọ́wọ́ ọmọ náà rí. Létí Arlys, apá kan já lu ibùsùn, gbì.

Garrett tún igi dì mú.

Micah tún gbé orúnkún. Ó dúró.

"Ó tún ti gbé e sókè," ni Merle wí.

Bọ́ọ̀lù kejì gba abẹ́ àgbọ̀n Garrett kọjá. Ó wó sẹ́yìn, àṣíborí rẹ̀ yí lọ sínú eruku. Rẹfirí kọjú sí Micah, ó kìlọ̀ fún un. Micah ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹnu ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì, tí kò rí ohùn.

Nígbà náà ni àwọn ará Haldorf yí ojú padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Arlys ni wọ́n ń wò. Ó yé wọn báyìí, lójú tiwọn. Wọ́n rò pé ẹ̀san ọjọ́ yẹn ló dé. Àwọn kan mi orí sí i díẹ̀díẹ̀.

Ó yé Renae náà. Ó di apá Arlys mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ó tó. Tẹ́ ẹ bá dìde dúró lásán, wọ́n á gbọ́ tiyín. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn."

Arlys sọ fún mi pé ọwọ́ obìnrin náà gbóná, pé iyọ̀ ẹ̀pà wà ní ìka rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dìde. Òun ti ń na orúnkún láti dìde.

"Ṣé kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú?" Merle ti ń sunkún. "Mo lè dì í mú, kò lágbára. Ẹ̀rù ń bà mí, Arlys. Sọ ohun tí mo máa ṣe."

Garrett gbé àṣíborí, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó dé e. Ó wo ibi tí ìyá rẹ̀ wà, ó sì rí ẹni tó jókòó tì í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ẹ̀rín ojo. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ fi ìyá rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ ni. Arlys ò mọ̀ títí dòní.

"Fi í sílẹ̀," ni Arlys wí fún Merle.

Kò sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àgbàdo ẹ̀yìn pápá dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Orúnkún Micah gòkè. Èémí Kolby wọlé. Kò jáde.

Garrett ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí sọ pé ó gbìyànjú. Wọ́n ní ó ń wo bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń bọ̀, tí ọrùn rẹ̀ ò gbọ́ sí i lẹ́nu, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá la igi gbígbẹ. Ẹ̀bátí ni. Ẹ̀gbẹ́ kan náà bíi ti Kolby.

Renae ti ń sáré lọ sínú pápá, ẹ̀pà ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Rẹfirí ti kúnlẹ̀. Micah dá dúró láàárín, ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ apá ọ̀tún, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá máa gbọ́ pé apá náà tutù, pé òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Arlys nìkan ló jókòó. Ẹkún Merle ló gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ẹkún náà ti yí padà. Ẹkún ayọ̀ ni.

"Ó ti lajú. Arlys, ó sọ̀rọ̀. Kolby sọ̀rọ̀."

Gbogbo ara Arlys ló fò. Ó ní títí òun á fi kú, òun ò lè parọ́ pé inú òun ò dùn. "Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ta ló kàn?'"

Arlys gbé ojú sókè. Ní ibi ìjókòó àwọn ará Rosmere, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti dìde dúró, wọ́n ṣí fìlà. Èyí tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé Garrett ṣì di igi tirẹ̀ mú, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ojú ọmọdé ló ní. Ìyá rẹ̀ náà á wà níbì kan láàárín èrò.

Merle ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ó ń wò mí lójú. Apá rẹ̀ ṣì wà lókè, Arlys, ó ń dúró dè mí. Kí ni kí n sọ fún un?"