Àwọn Orúkọ Inú Ìwé Bàbá Láoyè

"Fadékẹ́mi, gbé ìwé wá, ká bẹ̀rẹ̀."

Ohùn Dádì nìyẹn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, nínú ilé wa ní Spandau, ní ìlú Berlin. Ìwé tí wọ́n ń wí kò sí nílé mọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì ni mo fi aṣọ tí a máa ń fi wé e wé, tí mo gbé sí àyè rẹ̀.

Ìwé orin ni. Bàbá Láoyè, tó bí bàbá bàbá Dádì, ló rà á ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1888. Láti ìgbà náà ni ìdílé wa ti ń kóra jọ kà á, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí ewé iwájú rẹ̀. Kí a tó kọ orin kankan, ọmọ tó kéré jù gbọ́dọ̀ ka gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn sókè. Èmi ni àbígbẹ̀yìn, iṣẹ́ náà sì ti sú mi.

Nílé ìwé, olùkọ́ wa ní kí a mú ìwé tí àwọn ará ilé wa ń kà pọ̀ láyé àtijọ́ dání lọ sí Hamburg, níbi tí a ti fẹ́ pàtẹ wọn. Lena, ọmọ kíláàsì mi, rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin náà ní ìwé nígbà yẹn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mọ́mì ní ìwé náà kì í jáde nílé, ni mo bá jí i gbé. Ẹnu ya Lena lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń sáré lọ bá ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà sí Berlin, mo gbàgbé ìwé sórí àga S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Hamburg.

"Fadékẹ́mi, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mo lè parọ́ pé orí ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jáde sí pálọ̀, mo kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Mo mú un lọ sí Hamburg. Ó ti sọnù."

Mọ́mì káwọ́ lérí. Dádì ò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, sà."

"A kì í jí ẹ̀ṣọ́ kó," ni wọ́n wí. Wọ́n mú fóònù, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọ wa. Àwọn yẹn náà fi ránṣẹ́ sí ìjọ Hamburg. Kí ìrẹsì tó jinná, nọ́ọ̀sì kan láti ìjọ Hamburg, tó ń jẹ́ Anti Ìbíwùmí, ti pè wá.

"Mo rí ìwé kan nínú S-Bahn nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máà bínú, kí ọmọ tó sọ ọ́ nù sọ ohun tó wà lójú ewé iwájú fún mi."

Mo dijú. "Láoyè. Oyèníkẹ́. Àjàní. Adéoyè. Babalọlá. Motúnráyọ̀." Mò ń pè é lọ bí mo ṣe ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí mo fi dé "Fadékẹ́mi, Spandau, 2003."

"Tiyín ni," ni Anti wí. "Gbogbo rẹ̀ pé."

Ẹkún tí mo ti ń pa mọ́ra tú jáde. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú. Ara tù mí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Dádì lọ gbà á ní Hamburg. Ọjọ́ ìbí Lena ló bọ́ sí ọjọ́ náà, n kò sì lè lọ síbi àríyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni, ta ni mo fẹ́ ráhùn sí?

Ohun tí ènìyàn bá mú níkọ̀kọ̀, bó bá sọnù, òun nìkan ni yóò máa wá a. Ìgbà tí mo jẹ́wọ́ ni odindi ìjọ méjì bá mi wá tèmi. Tí Dádì bá sì ní kí n ka orúkọ báyìí, n kì í kùn mọ́. Mo máa ń kà á sókè, kí ará ìsàlẹ̀ ilé lè gbọ́.