Ta Ló Pa Kọ̀ǹpútà Iyàrá Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Mọ́?

Bíríkìlà kan já láti orí òrùlé, wọ́n gbé e dé iyàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí iyàrá ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ kíákíá. Wọ́n dúró títí, ẹ̀jẹ̀ ò dé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan fi ẹsẹ̀ sáré débẹ̀, ó bá obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Orí ló kó bíríkìlà yọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, kò tíì lajú, ìyàwó rẹ̀ sì ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ìsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rọra ni wọ́n rán wá. Kò sí ohun tí ẹ máa bá a sọ tí kò ní kọ́kọ́ dáhùn pé, "Ẹ rọra." Kí ìyẹn má tàn yín jẹ o, ojú rẹ̀ kì í sùn. Àṣẹ tí ọ̀gá rẹ̀ pa fún un ni pé bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò rí ẹlòmíràn mú, kí ó mú obìnrin náà wá, kí ó wá jẹ́jọ́ àìbìkítà.

Àǹtí Ẹ̀jẹ̀, bí gbogbo ilé ìwòsàn ṣe ń pè é, ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Ọ̀gá, mi ò kúrò níbí. Kọ̀ǹpútà yìí ló yadi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí."

"Ẹ rọra. Tó bá fẹ́ yadi, ṣé kì í fi àmì hàn?"

"Ìkọ̀wé kékeré kan máa ń yọ ní igun. Ó máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà mìíràn ń jẹ́ nọ́ńbà mi. Mo máa ń pa á rẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà arúgbó, kí ni kì í wí?"

Nọ́ńbà náà wà níwájú kọ̀ǹpútà gàdàgbà yẹn, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Rọra ránṣẹ́ pe Oníwáyà, ẹni tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ṣe.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Oníwáyà wí. "Gbogbo kọ̀ǹpútà ibí ni mo kọ nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ lórí. Mo ti pààrọ̀ wáyà eléyìí, mo ti pààrọ̀ ihò tí wáyà ń wọ̀, mo ti pa á, mo ti tàn án. Bí mo bá dé, iná aláwọ̀ ewé ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, gbogbo nǹkan á dára. Bí mo bá yí ẹ̀yìn padà, ó tún di òkú. Mo ní ogbó ló ń dà á láàmú."

"Kí ni nọ́ńbà wà fún?"

"Bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà náà ni. Bí ilé méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan ládùúgbò kan, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí ọ̀kan lè wọ ilé kejì." Oníwáyà wo Rọra lójú. "Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ọ̀gá sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn fi gbé oúnjẹ wọlé. Òun ni ọkọ Àǹtí Ẹ̀jẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀ léjìká bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù.

"Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀. Dókítà iṣẹ́ abẹ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ mú. Ọkùnrin tó ń pe ìyàwó oníyàwó ní ẹni ọ̀wọ́n, ṣé iṣẹ́ nìyẹn ń ṣe?"

"Ẹ rọra. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà yìí. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sí i, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kà á. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ó dáa, n ò lẹ́ran láyà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò bá jowú, ìyàwó rẹ̀ ò wù ú ni."

Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ tẹrí ba. Ó hàn pé ó ti gbọ́ orin yẹn nílé títí ó fi sú u.

Rọra lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó tún yà sí ilé ìfọṣọ, ohun tó gbọ́ níbẹ̀ sì pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa Oníwáyà sí kọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí Oníwáyà fi kéde fún gbogbo ọ́fíìsì pé òun ti fún kọ̀ǹpútà iyàrá ẹ̀jẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun, kò ní yadi mọ́. Ó lẹ nọ́ńbà náà mọ́ iwájú rẹ̀ gbàgàdà.

Oúnjẹ ọ̀sán ò tíì dà nínú wọn tí Oníwáyà fi sáré dé. "Ẹnì kan ti wọ nọ́ńbà tuntun yẹn o. Sítọ́ọ̀ ni."

Rọra ní kí Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé òun. Wọ́n bá ọkọ rẹ̀ nídìí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ tuntun.

"Nọ́ńbà wo ni kọ̀ǹpútà yín ń jẹ́?"

"Èyí tí Oníwáyà fún un ni."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kí Oníwáyà hùmọ̀ nọ́ńbà tí ẹ fi sí i yìí. Èyí tí kọ̀ǹpútà ìyàwó yín ń jẹ́ gan-an, àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jí nọ́ńbà ẹ̀tàn yìí ló ń jí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi pé ojoojúmọ́ lẹ ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Oníwáyà náà sì ní òun fúnra òun ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà sí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ra eléyìí fún yín. Bí owú bá ti gùn yín, ẹ ó wọ nọ́ńbà ìyàwó yín, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i á sì já sọ́dọ̀ yín. Bí Oníwáyà bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó bọ́ ọ."

Ọkùnrin náà pa láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. "Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kú. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dókítà yẹn má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ ni."

Rọra pe bàbá afọṣọ tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, arúgbó onírùngbọ̀n funfun. "Bàbá, tí iyàrá iṣẹ́ abẹ bá fẹ́ aṣọ ibùsùn, kí ni wọ́n ń kọ sí yín?"

"Wọ́n á ní kí n kó aṣọ wá. Nísàlẹ̀, wọ́n á ní, 'A mọ rírì rẹ, ẹni ọ̀wọ́n.' Ojoojúmọ́ ni. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní kí n máa bá òun kí wọn."

"Kọ̀ǹpútà wọn ló ń fi ìyẹn sídìí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́," ni Rọra wí. "Dókítà ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. "Dárí jì mí."

"O gbé oúnjẹ wá fún mi láàárọ̀," ni obìnrin náà wí, "o sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ mú mi lọ."

"Mo rò pé wọ́n kàn máa lé ọ níṣẹ́ ni, kí o lè wà lọ́dọ̀ mi."

"Dìde. Ìyàwó bíríkìlà ni kí o lọ bẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀."

Wọ́n de ọwọ́ rẹ̀, ó bá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá wá wò mí ní àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Tí bíríkìlà bá lajú, n óò wá," ni Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ wí. "Tí kò bá lajú, má retí mi."