Ọ̀kan ń Tì, Èkejì ń Fà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, fóònù ara rẹ̀ ló ń bá jà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń gbá a nídìí, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ gbé owó ẹyọ mì.

"Ẹ̀yin lẹ ń tún ohùn ṣe?"

"Èmi ni. Mo tún ti ìjàpá ṣe rí, ó ń kọrin báyìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, torí kò sí ọjà mìíràn nínú igbá mi ju àwàdà lọ. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi gùn ju afárá lọ. Aláriwo ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

"Ìtàn ni mo kà, wọ́n fi máìkì méjì gbà á sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Mo fẹ́ fi wá iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò. Bí mo bá fi ẹ̀rọ bo etí méjèèjì, mò ń gbọ́ ara mi. Bí mo bá gbé e sórí fóònù, orin abẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń dún. Àǹtí mi ní ọ̀tá ló jí ohùn mi gbé."

Mo fi ẹ̀rọ bo etí. Áà, ohùn. Ó dùn bí iyọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣófo, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn orí mi. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tí ilà ohùn ọ̀tún ti ń gun òkè, ibẹ̀ gan-an ni ti òsì ti ń já sí kòtò.

"Ẹ wò ó. Ohùn kan náà ni máìkì méjèèjì gbọ́, àmọ́ ẹni tó so waya ọ̀kan so ó lódì. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Bí etí méjì bá pín wọn, ẹ ó gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni fóònù yín ní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ń pa ara wọn."

"Bíi tọkọtaya tí wọ́n jọ ń ti ilẹ̀kùn kan."

"Ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Ilẹ̀kùn ò ní mira."

Mo yí ẹ̀gbẹ́ òsì padà, mo sì gbé e jáde láti inú sípíkà kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ bọ́ sáàárín yàrá, ó nípọn, ó gbóná. Gbogbo ìṣó tó wọ́ lára ògiri mi ló tọ́.

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ò mọ ìjókòó mọ́.

Rédíò gbà á síṣẹ́. Èmi náà gbà á sọ́kàn, ó sì gbà mí. Ó ku bàbá rẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá, ìlú mìíràn ló ń gbé. Ó já bọ́ lórí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò lè rìnrìn àjò. Àǹtí, tó jẹ́ àbúrò bàbá, ti wá akọ̀wé bánkì kan sílẹ̀ fún ọmọ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé bí ó bá sín, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ọjọ́ Àìkú làwọn ará ilé akọ̀wé ń bọ̀ wá gba èsì.

"Kí Aláriwo yẹn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́," bàbá ní. "Mo máa ń fi ìka lu pákó gbọ́ kí n tó gé e. Bí ó bá ṣófo, etí mi á sọ fún mi."

Mo sọ̀rọ̀ sínú máìkì méjì, mo fi gìtá díẹ̀ sí i lẹ́yìn, mo fi ránṣẹ́. Èsì ò dé. Mo rìn yíká ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi fẹ́ bẹ̀ mí. Mo tún rédíò oníbàárà kan tí kò bàjẹ́ ṣe, ó sì bàjẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, olólùfẹ́ mi wọlé, ojú rẹ̀ le.

"Bàbá ní gìtá nìkan lo fi ránṣẹ́. Ó ní o ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ nípa ọmọ òun."

"Èmi? Èmi tí mo ń bá àga sọ̀rọ̀?"

"Aláriwo mi, ṣé o gbọ́ ọ láti ẹnu kan kí o tó fi ránṣẹ́?"

Mo di orí mú. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo gba ohùn náà sílẹ̀ ni mo fi òjé lẹ waya máìkì kan, mo ń kánjú, mo sì so ó lódì. Etí méjèèjì nìkan ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ṣófo lóòótọ́, mo rò pé bí ìfẹ́ ṣe ń dún nìyẹn.

"Jẹ́ ká tún un ṣe, ká tún un fi ránṣẹ́."

"Ó ti pa fóònù. Ó ní òun ò gbọ́ gìtá mọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Dìde, gbé kọ̀ǹpútà."

Nínú ọkọ̀, mo dìde, mo jókòó, mo dìde, títí awakọ̀ fi bi mí bóyá èmi ni mo ń ti ọkọ̀ náà.

Bàbá wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀. Àǹtí wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé odi tó ń ta gìtá náà nìyí?"

Mo la ẹnu. Olólùfẹ́ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá mi, èyí tó fi ránṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ gbọ́. Waya ló gbé ọ̀rọ̀ mì."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yí ẹ̀gbẹ́ òsì padà lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn mi jáde.

"Bàbá, aláwàdà ni mí, ẹ ó ti gbọ́. Olùkọ́ kò lè pa mí lẹ́nu mọ́, ìyá mi gan-an ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ti ń sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi."

Bàbá na etí sí kọ̀ǹpútà. "Jẹ́ n tún un gbọ́," ó ní. Ọmọ rẹ̀ tún gbé e jáde.

"Nígbà tí mo rò pé odi ni," Àǹtí ní, "mo ti fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀."

"Ọmọ mi," bàbá ní, "ṣé o lè máa gbọ́ ariwo yìí títí ayé?"

"Mo lè gbọ́ ọ, Bàbá mi. Bí ó bá pọ̀ jù, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa á."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi mì. Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, ó tàn án, ó pe àwọn ará ilé akọ̀wé.

"Ẹ má bínú, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lọ́la. Ọmọ ti mú ọkọ." Ó fetí sí wọn, Àǹtí ti ròyìn gìtá náà fún wọn. "Rárá, kì í ṣe odi. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa." Ó bojú wò mí. "Ẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń sunkún lọ́wọ́."