Lẹ́tà Ọjọ́ Jímọ̀

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀, n kò bù mọ́ ọn. Wàsíù tó ń tún fóònù ṣe ní Ìfàkọ̀ ṣì wà láyé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ púpọ̀.

Lọ́dún 2001, kafé ayélujára ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, wáyà tẹlifóònù kan. Kí ayélujára tó wọlé, àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Àwọn tí kò mọ̀wé á sọ ọ̀rọ̀ wọn, Wàsíù á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Bí èsì bá dé, òun náà ni yóò kà á fún wọn.

Ìyá Gàfárù wà lára wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ìyá yìí á wá gbọ́ lẹ́tà Àbdùlgàfár, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Lẹ́tà méjì péré ló dé. Àánú wọn ṣe Wàsíù. Ní Jímọ̀ kẹta, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí nǹkan kan kò sí lójú rẹ̀, ó ní, "Gàfárù kí yín, Màmá."

Irọ́ ọjọ́ kan di ti ogún ọdún. Fóònù dé, kafé kógbá wọlé, wọ́n sì tú wáyà tẹlifóònù kúrò lórí òpó àdúgbò. Wàsíù ta kọ̀ǹpútà márùn-ún, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nítorí ìyá yìí. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà á láti jẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ kú sí i. Á kàn máa ka ohun tí kò sí.

Ní Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, aago méjì ọ̀sán, Ìyá Gàfárù jókòó. Wàsíù tan kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré náà ké.

"Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn," ni wọ́n wí.

Wàsíù wo ẹ̀yìn tábìlì. Wáyà tẹlifóònù àpótí náà wà nílẹ̀, kò so mọ́ ibì kankan. Igbe náà dáwọ́ dúró. Kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ òde mọ́, kò gbọ́ ọkọ̀ mọ́. Lẹ́tà kan wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nítorí ó ti mọ́ ọn lára.

"Àsàbí ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Kò mọ̀ pé Àsàbí ni wọ́n ń jẹ́ rí. Ìyá náà gbé orí sókè.

"Òùngbẹ kò gbẹ mí mọ́. Iyanrìn kò gbóná mọ́."

Ìlà kan ló kù: Mò ń bọ̀ wá mú yín lọ́la. Wàsíù gbé e mì, kò kà á síta.

"Ó tán?"

"Ó tán, Màmá."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Wàsíù. "Ẹ dárí jì mí. Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mò ń dá a sọ."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Kí n ṣáà lè gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ ọmọ mi ni mo ṣe ń wá."

Wọ́n dìde, wọ́n fi ìborùn wọn borí.

"Ti òní yìí kì í ṣe tìẹ. Bá mi pe kẹ̀kẹ́, jẹ́ kí n tètè lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀la kò jìnnà."